Òbí, Olùkọ́ àti SUBEB: Inú Ta Ló Ń Dùn?

Ẹ bi òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba bóyá SUBEB, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ń ṣe dáadáa. Ohun tó fojú rí ni yóò sọ: òrùlé ò jò mọ́, ọmọ òun ti rí àga jókòó. Ẹ wá bi olùkọ́ ọmọ náà. Kò ní wo òrùlé. Ìgbéga tó ti tọ́ sí i ni yóò mẹ́nu bà, àti owó oṣù tí kò bá ìgbéga náà rìn.

Àwọn méjèèjì ò parọ́. Ibi tí owó ti ń wá ló fa ìyàtọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ya 2% sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé owó tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ilé kíkọ́, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni owó yẹn wà fún. Owó oṣù tíṣà kò sí níbẹ̀, inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi lè ṣí kíláàsì tuntun tí kò ní tíṣà.

Ọ̀rọ̀ gbígbé tíṣà kiri ló ṣòro jù. Olùkọ́ tó ń gun ọ̀kadà láti ìlú lọ sí abúlé lójoojúmọ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ bí lẹ́tà bá dé pé kó máa bọ̀ nítòsí ilé. Lábúlé, àwọn òbí á kàn gbọ́ pé tíṣà ìṣirò ti lọ, kò sì sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀. Wọn á dáwó, wọn á fi gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ẹ̀kọ́ tí òfin pè ní ọ̀fẹ́! Ó dùn mí gan-an.

Bí mo bá gbé àròyé méjèèjì yẹ̀ wò, ti òbí ló wúwo jù lójú mi. Ti olùkọ́ kò kéré, ebi ò ṣeé fi kọ́mọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ní NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, tó lè ti iléèwé pa títí ìjọba yóò fi pè wọ́n sípàdé. Òbí tí inú rẹ̀ ò dùn kì í sábà sọ̀rọ̀. Yóò yọ ọmọ rẹ̀ lọ sí iléèwé aládàáni, kódà bó jẹ́ pé ó fẹ́ yáwó san án. Ìgbìmọ̀ á rò pé ara rọ gbogbo wọn. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n sábà ń pe ìpàdé òbí, nígbà tí ìyá ọlọ́jà wà lọ́jà, tí bíríkìlà wà níbi iṣẹ́.

Àwọn tó ti mú ọmọ wọn kúrò ló yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ lọ bi léèrè. Àdúgbò ni wọ́n ṣì ń gbé. Kí wọ́n sì pe ìpàdé náà sí ìrọ̀lẹ́.