Bí àpò oúnjẹ ọmọ inú oyún bá gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn

Lójú scan, omi máa ń dúdú, egungun máa ń funfun. Ọmọ inú oyún a máa gbé lára omi tó yí i ká mì, nítorí náà àpò oúnjẹ rẹ̀ máa ń hàn bí ohun dúdú róbótó kan nínú ikùn, nísàlẹ̀ ọkàn. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ọkàn gan-an ni ẹni tó ń ya scan á ti rí i, ọkàn fúnra rẹ̀ á sì ti sún lọ sápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Iṣan pẹlẹbẹ kan ló pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Òun la fi ń mí. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta ló yẹ kó ti dí tán. Nínú nǹkan bí ọmọ 3,000, a máa rí ọ̀kan tí tirẹ̀ kò dí, tí ìfun, àpò oúnjẹ, àní ẹ̀dọ̀ pàápàá, á gba ihò tó ṣẹ́kù wọ àyà lọ. Dókítà lè rán ihò náà lẹ́yìn ìbí. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò ráyè dàgbà ló ń pa ọmọ, kì í ṣe ihò.

Apá òsì ló pọ̀ jù, bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Tọ̀tún ló ń fara pamọ́: ẹ̀dọ̀ ló sábà ń gòkè níbẹ̀, ó sì fara jọ ẹ̀dọ̀fóró lójú scan, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á gbójú fò ó. MRI máa ń là á yé, níbi tí wọ́n bá ti ní in. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kò sí ihò rárá; iṣan náà ló tínrín tó sì wú gòkè. Ìyẹn máa ń sàn díẹ̀, àmọ́ ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ọmọ tó wáyé.

Láti mọ bó ṣe le tó, wọ́n á wá wọn ẹ̀dọ̀fóró tó wà ní òdìkejì ihò náà, wọ́n á fi wé bí orí ọmọ ṣe tóbi tó. Bí kò bá tó ìdá 25 nínú 100 ohun tó yẹ kí ọjọ́ orí oyún náà ní, ọ̀rọ̀ ti le. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ihò wọn wà lápá òsì, ni Jan Deprest ní Leuven, Belgium, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n ń fi bàlúùnù kékeré dí ọ̀nà èémí ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 27 sí 29, kí omi tí ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe má bàa ráyè jáde, kó lè fẹ̀ ẹ́ láti inú. Ní ọ̀sẹ̀ 34, wọ́n á yọ ọ́. Nínú èsì ọdún 2021, ìdá 40 nínú 100 ló yè tó sì kúrò nílé ìwòsàn. 15 péré ni láàárín àwọn tí wọn ò ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ìdá 75 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe é fún ni wọ́n bí láìpé oṣù.

Bàlúùnù yẹn jìnnà sí ọ̀pọ̀ aláboyún ní Nàìjíríà, ohun tó sì ń dùn mí ni pé akọ tàbí abo nìkan ni ọ̀pọ̀ ń bá lọ sídìí scan. Àjọ WHO ní kí aláboyún ya ó kéré tán ẹyọ kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, ìyá á lọ bímọ níbi tí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọmọdé àti ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí wà. Àwọn agbẹ̀bí á mọ̀ pé àwọn ò gbọ́dọ̀ fi ìbòmú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ yìí lẹ́nu, torí inú ìfun tó wà láyà ni yóò gbà lọ, á sì tún fún ẹ̀dọ̀fóró pọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, wọ́n á sì ti òmíràn bọ àpò oúnjẹ láti máa fa afẹ́fẹ́ jáde.