Ṣé Wọ́n Á Wọ́ Mọ́tò Yín Ni, àbí Wọ́n Á Pọ̀n Ọ́n?

Họ́ọ̀sì rádíétọ̀ kan ṣoṣo ló bẹ́. Owó họ́ọ̀sì, kúláńtì àti iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì, ibẹ̀ ló yẹ kí ìnáwó náà parí sí. Jíà ni mo padà rà.

Camry mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nígbà tí mo kọjá Ìbàfò díẹ̀, èéfín funfun ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo pe onítówìn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri. Ọkọ̀ 911 àtijọ́ ló gbé wá. Wọ́n ti jó òpó irin méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ìkọ́ ńlá ń fì lẹ́nu wáyà bí èyí tí àwọn alápatà fi ń kọ́ ẹran. Imú mọ́tò mi kọjú sí gọ́tà, ìdí rẹ̀ kọjú sí títì. Ọmọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ ò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti yí i padà. Ó ki ṣéènì bọ abẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, ó gbé ìdí mọ́tò sókè, ó ní, “Dádì, ẹ fi sí fíríì, ká máa lọ.” Mo fi sí fíríì. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ń yí nílẹ̀ títí a fi dé Mowé. Mo sanwó, mo tún fún un lówó omi.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó dún dáadáa. Mo fi jíà sí D, mọ́tò ò mira. Mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ rẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí jíà. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa bí sóbò dúdú bí omi ẹ̀lú, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná. Ó yọ orí síta, ó wò mí, ó ní: “Dádì, ta ló wọ́ mọ́tò yìí wá?”

Ó ní wọ́. Kò ní gbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onítówìn ń ṣe lábẹ́ orúkọ kan: òmíràn ń wọ́ mọ́tò, òmíràn ń gbá a lẹ́sẹ̀ mú, òmíràn ń pọ̀n ọ́n. Bí mọ́tò yín bá ti dàgbà díẹ̀, ìyàtọ̀ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ju owó tówìn fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú jíà ọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré kan wà níbi tí jíà àti ẹ́ńjìnnì ti pàdé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ọ́ìlì káàkiri inú jíà, kí irin má fi gbígbẹ ha irin. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, pọ́ǹpù dúró, ọ́ìlì náà jókòó sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n taya tó ń fa mọ́tò ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Bí ó ṣe ń yí nílẹ̀ ló ń yí àwọn irin inú jíà láti ẹ̀yìn wá, bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ láìta omi sí i. Fíríì tí ọmọkùnrin yẹn ní kí n fi sí, àárín ẹ́ńjìnnì àti jíà ló ń já. Taya àti jíà ṣì so mọ́ra gbọingbọin. Kò pẹ́ tí ooru á fi mú, tí àwọn kílọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á fi jó.

Jíà tí a ń fọwọ́ yí yàtọ̀. Eyín jíà fúnra wọn rì sínú ọ́ìlì, bí wọ́n bá sì ti ń yí ni wọ́n ń ta ọ́ìlì sókè sára àwọn tó kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa á fi sọ fún yín pé àwọn ti fi okùn fa Peugeot 504 láti Èkó dé Abẹ́òkúta rí, tí nǹkan kan ò ṣe é. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá lọ́nà Badagry, mọ́tò onífọwọ́yí ló sì kún títì nígbà náà. Tọ́kùnbọ̀ ọ́tò ló wá kún un báyìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tówìn ti ayé 504 la ṣì ń lò fún wọn.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí mọ́tò tó kú ni pé: ẹsẹ̀ wo ló ń mú un rìn? Camry, Corolla, Accord, Golf àti Primera, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n, iwájú ló sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Peugeot 504 àti 505, Benz 190 àti V-boot, ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n. Bí Benz yín bá jẹ́ ọ́tò, tí wọ́n sì fi dandan gbé iwájú rẹ̀, kí wọ́n tú pùròpẹ́là lábẹ́ rẹ̀ ná. Àwọn jíìpù bíi RAV4 àti CR-V ló ń dani láàmú jù, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rìn. Irú ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí taya rẹ̀ kankan yí nílẹ̀.

Ìkọ́ tó ń fì lẹ́yìn 911 yẹn ní baba ńlá. Lọ́dún 1916, ní ìlú Chattanooga ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mọ́tò kan já sódò, wọ́n sì ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Ernest Holmes. Igi, okùn àti agbára ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi fà á jáde, ó sì fojú wọn rí màbo. Holmes délé, ó mú òpó mẹ́ta, pọ́lì kan àti ṣéènì, ó tò wọ́n mọ́ ẹ̀yìn Cadillac ọdún 1913. Bí ọkọ̀ tówìn ṣe dáyé nìyẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn onítówìn wà ní ìlú náà di òní. Ẹ kíyè sí i pé inú odò ni Holmes ń ronú nípa rẹ̀. Fún mọ́tò tó bá já sí kòtò ní Long Bridge, mi ò tíì rí ohun tó dára ju ìkọ́ lọ. Láti yọ nǹkan ni wọ́n ṣe dá a. Pé ká wá fi gbé mọ́tò rin ọ̀nà jíjìn, àwa la fi ìyẹn kún un. Mọ́tò àgbà tí ìpẹtà ti ń jẹ ṣáásí rẹ̀ ò ní fẹ́ ṣéènì tó ń fà á nídìí. Bọ́ńpà á fọ́, irin tí ìkọ́ gbá mú sì lè já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Oríṣi kejì ní apá irin méjì tó ń gba abẹ́ taya kọjá, tó sì ń gbá a mú. Taya nìkan ló ń fọwọ́ kàn, bọ́ńpà bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó dára fún mọ́tò tí ẹsẹ̀ méjì ń mú rìn, bí onítówìn bá gbé ẹsẹ̀ tó yẹ.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, èyí tó ní pẹpẹ irin lẹ́yìn. Ẹ dúró ti ẹni tó ń wà á lọ́jọ́ kan kí ẹ wò ó. Àwọn ọwọ́ irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ó fa ọ̀kan, pẹpẹ náà rọra sún sẹ́yìn. Ó fa èkejì, ìdí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kan ọ̀dà. Ọ́ìlì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ẹ ti rí fọkanáísà tó ń fi ọwọ́ kan fún jáàkì, tí ìdí tírélà sì ń gbéra sókè. Ọ́ìlì kì í sún kì. Bí ẹ bá tì í nínú ihò tóóró, títì yẹn á dé gbogbo ibi tí ọ́ìlì náà dé. Bí irin tó wà ní ìkangun kejì bá fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ nígbà mẹ́wàá, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tí ẹ máa fi san án ni pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gòkè, ìdí tí fọkanáísà fi ń fún un láìmọye ìgbà nìyẹn. Lára ọkọ̀ tówìn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ló ń bá a fún un.

Nígbà tí pẹpẹ bá ti dagun, wáyà ló kù. Ó wé mọ́ ìlù irin kan níwájú pẹpẹ, jíà kéékèèké sì wà nínú ìlù náà tó ń sọ yíyí kíá di fífà tó lágbára. Big Daddy wọn nǹkan bíi kílò 1,400. Lórí pẹpẹ tó dagun ní dígíríì 15, nǹkan bíi kílò 360 ni wáyà nílò láti fà á gòkè, bí taya bá ń yí fàlàlà. Bí jíà bá há sí P, tí taya iwájú ń wọ́ lórí irin, ó lè ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Nítorí náà, ẹ wo wáyà náà dáadáa. Èyí tó ti ń hu irun, tí fọ́nrán rẹ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró sí ọ̀gangan rẹ̀ nígbà tó bá ń fà.

Bí mọ́tò bá ti gun orí pẹpẹ, ẹ wo ibi tí wọ́n so ó mọ́. Bẹ́líìtì tó la orí taya kọjá ló dára. Bí wọ́n bá so ṣéènì mọ́ abẹ́ ara mọ́tò, ihò ojú ọ̀nà Ìfọ̀ á máa jà á gbà títí ohun kan á fi tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìfọ̀ dé. Ẹ máa rí ìpolówó tó ní àwọn ń ṣiṣẹ́ ní “Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀”, bí ẹni pé ojúlé kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mowé àti Ìbàfò wà lórí títì Èkó sí Ìbàdàn. Ìfọ̀ wà lórí títì Èkó sí Abẹ́òkúta. Odò Ògùn ló là wọ́n láàrin. Lórí máàpù, ẹ lè fi ìka kan bò wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tówìn ò lè wẹdò. Mo máa ń béèrè ibi tí ọkọ̀ wọn ń sùn. Bó bá jẹ́ Ìfọ̀ ló ń sùn, tí mo kú sí Ìbàfò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí àwọn èèyàn ń wọ́ lọ sí ìsìn ní Redemption Camp, kí n yáa tẹ́ ẹní.

Ẹ tún béèrè iye owó kí wọ́n tó gbéra, kí ẹ sì sọ ibi tí mọ́tò ń lọ: ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yín ni, kì í ṣe yáàdì tiwọn, níbi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọjọ́ tí mọ́tò fi sùn síbẹ̀. Ẹ fi fóònù ya mọ́tò yín yíká kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀ tiwọn náà. Ìnṣọ́ránsì ò ní gbà yín, nítorí third party ni ọ̀pọ̀ àwa onímọ́tò àgbà ń ṣe, èyí tó di 15,000 náírà lọ́dún 2023, ẹlòmíràn tí a bá kọlù tàbí mọ́tò rẹ̀ nìkan ló sì ń sanwó fún.

Bí mọ́tò bá dínà, ọ̀rọ̀ yíyàn ti tán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bíi TRACE tàbí Road Safety á gbé e kúrò bí wọ́n bá ṣe lè gbé e. Ẹ yáa tètè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ gbé sì-kọ́ṣọ̀n sẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà jíjìn, kí ẹ pe 122 tí Road Safety bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi okùn fà yín, ẹ rántí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, bíréèkì á le bí òkúta lẹ́yìn títẹ̀ méjì mẹ́ta, ọwọ́ ìdarí á sì wúwo. Kílómítà 45 ní wákàtí kan ni òfin gba ọkọ̀ tó ń fa òmíràn láyè mọ.

Ohun kékeré méjì kù tí mẹkáníìkì mi fi hàn mí. Bí bàtìrì bá kú pátápátá, jíà ọ́tò ò ní kúrò ní P, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, ìdérí róbà kékeré kan wà. Ẹ ṣí i, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tẹ inú rẹ̀, jíà á yọ. Èkejì ni ìkọ́ irin tí wọ́n ń yí sínú ihò tó wà lára bọ́ńpà àwọn mọ́tò kan fún fífà. Ẹ wò ó nínú bùútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì. Ọ̀pọ̀ Tọ́kùnbọ̀ dé láìní in mọ́.

Mo ti ní onítówìn mi báyìí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ pè é, kí n tó sọ ibi tí mo wà, mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa wọ́ ọ ni, àbí ẹ máa pọ̀n ọ́n?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màá pọ̀n ọ́n, àbúrò. Ọ̀já mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ mi, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.”