Bíréèkì Ẹnu Ìbọn àti Òfin Amẹ́ríkà

Bí ẹ̀tù bá gbiná nínú ráífù, kì í ṣe ọta nìkan ni í gba ẹnu ìbọn jáde: èéfín gbígbóná tí ó ti ọta síwájú a máa tú yàà tẹ̀ lé e, eré rẹ̀ a sì ju ti ọta fúnra rẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi ń dá kún agbára tí ìdí ìbọn fi ń gbá ọdẹ léjìká. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń lọ́ irin oníhò kan, tí í ṣe bíréèkì, mọ́ ẹnu ìbọn, kí èéfín náà lè gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kí ó sì fa ìbọn síwájú nígbà tí ìbá fi ta sẹ́yìn. Ọdẹ tí ń lépa àgbọ̀nrín ńlá lórí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà mọ oore rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tibi tire la dá ilé ayé. Èéfín tí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ń gbé ariwo padà sí etí ayinbọn àti ti ẹni tí ó dúró tì í. Ìró ráífù a sì máa tó nǹkan bí 160 dẹ̀síbẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ìró kan ṣoṣo tí ó kọjá 140 lè ba etí jẹ́.

Ní ti òfin, bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Kalifóníà kò bá bíréèkì jà. Irin tí ń bo iná ẹnu ìbọn mọ́ ayinbọn lójú ni ó kà léèwọ̀ lára ráífù tí ń ki ọta fúnra rẹ̀, tí àpò ọta rẹ̀ sì ṣeé yọ. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá pe ọjà rẹ̀ ní bíréèkì, tí irin náà sì ń dín iná yẹn kù ní tòótọ́, orúkọ kò ní gba ẹni tí ó rà á sílẹ̀. Ní New York, láti ọdún 2013, bíréèkì gan-an wà lára ohun tí òfin kọ̀ lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ráífù tí ọdẹ ń fi ọwọ́ fà lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan kò sí nínú ìdè méjèèjì.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀: ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá pé íǹṣì 16, dandan ni kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1934, bíréèkì tí a sì jó pọ̀ mọ́ ọ̀pá náà pátápátá nìkan ni a ń kà mọ́ ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹni tí yóò ra bíréèkì ni pé kí ó ka òfin ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé, àti ti èyí tí yóò gbà kọjá lọ sí igbó ọdẹ, kí owó tó kúrò lápò rẹ̀. Kí ó sì ra ìbòtí pọ̀ mọ́ ọn.