Ohun Tí Ó Ń Mu Epo Ọkọ̀ Wa

Bàbá kan ní ọkọ̀ fọ́ọ̀wíìlì, ó sì gba dẹ́rẹ́bà sí i. Iṣu àti àgbàdo ni ọkọ̀ náà ń kó láti oko wá sí ìlú. Nígbà tí táyà rẹ̀ jẹ tán, bàbá ra mẹ́rin mìíràn tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ọkọ̀ lè ga kúrò nínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjà dé. Tẹ́lẹ̀ rí, bí wọ́n bá bu epo lítà 60 sí i, aago ọkọ̀ a ka kílómítà 420 kí epo náà tó tán. Nísisìyí, 385 péré ni ó ń kà.

"Kílómítà 35 dà?" ni bàbá wí. "Epo lítà márùn-ún ni ìwọ ń tà lọ́nà!"

"Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá," ni dẹ́rẹ́bà dáhùn, "n kò ta epo yín. Mo fi Ọlọ́run búra."

Àpẹẹrẹ lásán ni a fi èyí ṣe, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ lè ba ẹnikẹ́ni nínú wa. Ta ni ó jẹ̀bi? Kí a tó pe ènìyàn ní olè, ẹ jẹ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ ka ara táyà

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ lọ síbi táyà ọkọ̀, kí ẹ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè rí 265/70R16. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 70 wí fún wa pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí rímù dé ibi tí ó ń tẹ ilẹ̀, jẹ́ 70 nínú 100 fífẹ̀ náà. R ń sọ bí wọ́n ti to okùn inú táyà. 16 ni ìbú rímù ní ínǹṣì.

Bí a bá ṣírò rẹ̀, táyà yìí ga tó mìlímítà 777 láti ilẹ̀ dé òkè. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òun ni ọkọ̀ bàbá ń lò tẹ́lẹ̀, àti pé 285/75R16 ni ó rà. Ìyẹn ga tó mìlímítà 834. Nígbà tí táyà àkọ́kọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ti rìn ní mítà 2.44. Nígbà tí táyà ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ti rìn ní mítà 2.62. Táyà ńlá fi nǹkan bí 7 nínú 100 ju èkejì lọ.

Aago kò mọ ọ̀nà

Aago inú ọkọ̀ kì í wọn ọ̀nà. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ni ó ń kà. Bí ọmọdé àti àgbà bá jọ lọ sí ọjà kan náà, ọmọdé a gbé ẹsẹ̀ púpọ̀, àgbà a gbé díẹ̀. Ṣé ọ̀nà kúrú fún àgbà ni? Rárá o. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni ó gùn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni táyà. Aago ṣì rò pé táyà kékeré ni ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá ka 385, ẹ fi 7 nínú 100 kún un. Ọkọ̀ ti rìn tó nǹkan bí kílómítà 412. Kílómítà 8 péré ni ó dín sí 420. Epo tí ó tó kílómítà 8 kò ju lítà kan àti díẹ̀ lọ. Nínú lítà márùn-ún tí bàbá ń wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin tí kò sọnù rárá. Dẹ́rẹ́bà kò jalè.

Ohun mìíràn tún wà tí ó léwu. Bí aago eré bá fi 100 hàn, 107 ni ọkọ̀ ń sá. Ẹni tí ó rò pé òun ń rọra lọ, eré ni ó ń sá.

Ta ni ó mu lítà tí ó kù?

Táyà náà àti jíà ni. Táyà ńlá wúwo, ó sì gba agbára kí ó tó ṣí kúrò lójú kan. Bí ojú rẹ̀ bá rí gbágungbàgun nítorí ẹrẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ lórí títì ọlọ́dà. Ó tún gbé ọkọ̀ sókè sí afẹ́fẹ́.

Ní ti jíà, ẹ wo Land Rover, ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ fi han aráyé ní ìlú Amsterdam ní 1948. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye jíà tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 4.7. Èyí ni pé ṣáfù gígùn abẹ́ ọkọ̀ ní láti yí ní ìgbà 4.7 kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbésẹ̀ kúkúrú nìyẹn. Ó dára fún ẹrẹ̀, òkè àti ẹrù, ṣùgbọ́n lórí títì, ẹ́ńjìnnì a máa ké, a sì máa mu epo. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi jíà Range Rover, tí iye rẹ̀ jẹ́ 3.54, rọ́pò rẹ̀. Nígbà náà, ní eré kan náà, yíyí ẹ́ńjìnnì a fi nǹkan bí ìdámẹ́rin dínkù.

Táyà ńlá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí díẹ̀. Táyà tí ó fi 7 nínú 100 tóbi sọ jíà 4.7 di bí ẹni pé 4.4 ni.

Ẹ ó wí pé, "Ṣebí epo yóò dínkù nígbà náà?" Ẹ̀yin tí ẹ ti ru ẹrù rí mọ ìdáhùn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ìgbésẹ̀ gígùn dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ru iṣu gun òkè, ìgbésẹ̀ kúkúrú ni a ń gbé. Ẹni tí ó bá ń yan gbàgà, àárẹ̀ yóò mú un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Bí ẹrù bá pọ̀ tàbí tí òkè bá ga, yóò máa jà raburabu. Dẹ́rẹ́bà yóò padà sí jíà kékeré, yóò sì tẹná. Níbẹ̀ ni epo ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá fúyẹ́, tí títì tẹ́jú, tí a sì ń rọra lọ, epo lè dínkù lóòótọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Ẹ wo ìwé kékeré tí ó wà lára ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Iye táyà tí ó yẹ ọkọ̀ yín àti afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí a fẹ́ sí i wà níbẹ̀.

2. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná. Táyà tí ó rọ̀ ń jẹ epo, òun fúnra rẹ̀ sì ń tètè jẹ.

3. Ẹ má ṣe fi táyà ńlá síwájú, kékeré sẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, jíà yóò máa bá ara wọn jà títí wọn yóò fi fọ́. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ jíà ẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ ti iwájú sí iye kan náà.

4. Bí ó bá jẹ́ pé awakọ̀ ni ó ń fi ọwọ́ sọ ọkọ̀ di fọ́ọ̀wíìlì, ẹ yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá ti dé orí títì gbígbẹ.

5. Ẹ rọ epo kún, ẹ kọ iye tí aago kà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún rọ ọ́ kún, ẹ fi iye lítà pín iye kílómítà. Bí táyà bá ti tóbi sí i, ẹ kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe sí iye tí aago kà.

Bí bàbá yẹn bá ti ka táyà rẹ̀ kí ó tó rà á, kì bá tí pe ọmọlọ́mọ ní olè. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n ọkọ̀ náà ni kí táyà rẹ̀ jẹ́.