Bí Afẹ́fẹ́ Bá Jò Nínú Àyà Ọmọ Tuntun: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí A Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pérépéré

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí, yálà ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní àwọn abúlé tí ó yí Àkànrán ká: "Ọmọ náà kò rí èémí mí." Òtítọ́ lè ni, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tí ó ṣe ọmọ. Níbi tí àìsàn kò bá sì ti ní orúkọ, ahọ́n ènìyàn a máa wá orúkọ fún un. Ẹnìkan a ní àbíkú ni. Ẹlòmíràn a nàka sí ìyá àgbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀kan nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, àti bí ó ṣe yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ rí.

Kí ni àìsàn náà?

Àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Nígbà mìíràn, díẹ̀ nínú wọn a bẹ́, afẹ́fẹ́ a sì jò lọ sí ibi tí kò yẹ kí ó dé. Ó lè ṣe ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Ó lè ṣe ọmọ tí ó fa ìgbẹ́ ara rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà ìbí, tàbí ọmọ tí a fi báàgì tàbí ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí nínú láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó tilẹ̀ lè ṣe ọmọ tí ó pé oṣù láìsí ìdí kan tí ojú rí.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa mí hẹlẹhẹlẹ, a máa kérora, ètè rẹ̀ lè ṣú, ìhà kan àyà rẹ̀ sì lè ga ju èkejì lọ. Fọ́tò X-ray ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n dájú. A sì tún máa ń tan iná sí àyà ọmọ nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Bí afẹ́fẹ́ náà bá kéré, ó lè lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ tí ó ń fún ọmọ lọ́rùn, a ó fi abẹ́rẹ́ tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á jáde kíákíá.

Nọ́ńbà fún ibi kọ̀ọ̀kan

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé kan tí ó fún gbogbo àìsàn ní nọ́ńbà. Ẹ̀dà kẹwàá rẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1990, kó àìsàn yìí sábẹ́ P25. P25.0 ni afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ẹran ara ẹ̀dọ̀fóró. P25.1 ni èyí tí ó bọ́ sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìgànná àyà. P25.2 ni èyí tí ó wà ní agbedeméjì àyà, P25.3 sì ni èyí tí ó wọ inú àpò tí ó yí ọkàn ká. P25.8 wà fún àwọn mìíràn tí ó bá wọn tan. Lẹ́tà P yìí jẹ́ ti àìsàn tí ó pilẹ̀ ní àsìkò ìbí. Bí ó bá ṣe àgbàlagbà, J93 ni a ó wò. Ẹ̀dà kọkànlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé ṣì ń lo ẹ̀dà kẹwàá.

Ohun tí ó yẹ kí ìwé sọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Fáìlì ni òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ń wò kí ó tó fún àìsàn ní nọ́ńbà. Kò rí ọmọ náà sójú, kò sì gbọdọ̀ méfò. Bí dókítà bá kọ "àìlèmí dáadáa" nìkan, ó lè di P28.9, àìsàn èémí tí a kò dárúkọ. Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé sọ ìhà tí afẹ́fẹ́ wà, wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí X-ray fi hàn, ìtọ́jú tí a ṣe, iye ọ̀sẹ̀ tí oyún pé, ìwọ̀n ọmọ, àti bóyá a ti fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú ṣáájú. Bí ìgbẹ́ tí ó fà mu ni ó fà á, kí a kọ ìyẹn náà, nítorí P24.0 ni tirẹ̀.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Bí ọ̀pọ̀ P25.1 bá tẹ̀lé fífẹ́ atẹ́gùn, àwọn nọ́ọ̀sì nílò ẹ̀kọ́ sí i nípa agbára tí wọ́n fi ń tẹ báàgì. Bí àwọn tí oṣù wọn kò pé ni ó pọ̀ jù, ìtọ́jú aláboyún ni kí a tún ṣe.

Ipa tiwa

Kí ọmọ tó ti oko dé UCH ní Oríta Mẹ́fà, ó lè gba ọwọ́ agbẹ̀bí àti ilé ìlera kọjá. Ẹ̀yin agbẹ̀bí wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ wákàtí ìbí, bóyá ọmọ ké, àwọ̀ omi tí ó jáde, àti bóyá ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Ẹ fi ìwé náà rán ìyá rẹ̀. Ẹ má sì dá ọmọ tí kò mí dáadáa dúró nítorí ìwé. Ẹ kọ ọ́ bí ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Ọmọ tí ó bá kú kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ lè lọ láìní orúkọ. Kí ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ń lọ tu ìyá rẹ̀ nínú bá a béèrè ohun tí ilé ìwòsàn kọ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ìdílé ní èdè tí wọn yóò gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀.