Ẹ̀fẹ̀ Lórí YouTube: Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ àti Òmìnira Ọ̀rọ̀ Sísọ

Láàárín àwọn Ọ̀họ̀rí àti Nago agbègbè Adja-Ouèrè, òru ẹ̀fẹ̀ ni olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti máa ń bú ìjòyè tó bá ṣìwà hù, láìsí pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ẹ́. Ààbò yìí kì í bá fídíò dé orí YouTube.

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ohùn olórin náà sílẹ̀ fún ìwádìí, tí rédíò aládùúgbò sì ń kọ orin gbajúmọ̀ kan lẹ́yìn. Content ID, ètò tí YouTube ti ń lò láti 2007, ohùn ló fi ń wé ohùn. Kò mọ ẹ̀fẹ̀, kò mọ ìwádìí. Ó lè dí fídíò náà pa nítorí orin inú rédíò.

Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn fi ìwé sùn. Òfin Amẹ́ríkà kan, DMCA ti 1998, sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá tètè yọ ohun tí wọ́n fi sùn kúrò kò ní jẹ̀bi. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì dárúkọ adájọ́ kankan. Àwọn ẹlẹ́tàn náà ti mọ ọ̀nà yìí: àwọn kan da ìròyìn Diario Rombe, tó ń tú àṣírí ìjọba Guinea Equatorial, kọ síbòmíràn, wọ́n fi ọjọ́ àtijọ́ sí i, wọ́n sì fẹ̀sùn kan ẹni tó ni ín gan-an.

Ẹni tí wọ́n fi sùn lè kọ ìwé èsì, ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà, lójú tèmi. Ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó búra pé àṣìṣe ni wọ́n fi yọ iṣẹ́ òun, kí ó sì gbà pé ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ Amẹ́ríkà láṣẹ lórí òun. Ẹ̀dà rẹ̀ á lọ sọ́wọ́ olùfisùn. Bí olùfisùn bá jẹ́ ìjòyè tí wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ bú ńkọ́? Ìwé èsì ti ṣí ìbòjú nìyẹn. Bí olùfisùn kò bá pẹjọ́, fídíò yóò padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò jẹ́ dé ibẹ̀.

Òfin Benin 2005-30 ti 2006 wà fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ nílé, àmọ́ òfin Amẹ́ríkà ni YouTube ń tẹ̀ lé nínú ìyọkúrò yìí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí oko ìwádìí fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ẹ̀ka kó tó gbé nǹkan kan síta. Kó sì bẹ aládùúgbò pé kó pa rédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò náà jẹ́ ara ohùn abúlé.