Wọ́n Ní Kò Sí Owó fún Aláàbọ̀ Ara Yín: Kí Ló Kàn?

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń tọ́jú ọmọ tí kò lè rìn, tí kò gbọ́ràn, tàbí tí kò ríran. Wọ́n á kọ ìwé béèrè ìrànwọ́, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, "kò sí owó" ni wọ́n á gbọ́ bọ̀. Àwọn mìíràn a ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọn a sì jókòó sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jókòó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mọ̀ bóyá oore ni ẹ béèrè tàbí ẹ̀tọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, kò ṣètò owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, owó tàbí kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n ń pín lè tán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ìwé girama. Ó ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ yà á sọ́tọ̀, àti pé òun ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn lórí ìlà. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

Èkejì, ẹ gba èsì wọn ní kíkọ. Òfin tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ìròyìn, ti ọdún 2011, gbà yín láàyè láti béèrè ìlànà tí ọ́fíìsì ìjọba fi ń pín ìrànwọ́. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí wọ́n bá sì kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ tún ìwé yín ṣe. Ẹ gba ìwé dókítà, ní ilé ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ó má ṣe dá orúkọ àìsàn nìkan kọ. Kí ó sọ ohun tí ọmọ náà kò lè dá ṣe àti ohun tó nílò. Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ olùkọ́ fún àwọn adití àti afọ́jú láti ọdún 1977. Ẹ lọ béèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Àjọ ìjọba àpapọ̀ wà fún àwọn aláàbọ̀ ara, NCPWD, láti ọdún 2020. Public Complaints Commission ń gba ẹ̀sùn lòdì sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1975. Legal Aid Council sì ń fún tálákà ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé yín, pẹ̀lú déètì.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín wà ní Ìlú Ọba, ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fi owó PIP dù wọ́n, oṣù 1 ni wọ́n ní láti béèrè pé kí a tún un yẹ̀ wò. Bí èsì kò bá yí padà, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ wà. Ju ìdajì lọ nínú ẹjọ́ PIP tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni aláàbọ̀ ara ń jàre.

Ẹ̀yin ìjọ ńkọ́? Nínú Máàkù orí kejì, ọkùnrin mẹ́rin gbé arọ kan wá sọ́dọ̀ Jésù. Èrò dí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e padà sílé; òrùlé ni wọ́n gbà. Ìyá tó ń pọn ọmọ ọdún mẹ́wàá kiri ọ́fíìsì nílò irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kí akọ̀wé láàárín wa bá a kọ lẹ́tà, kí ọlọ́kọ̀ gbé e, kí ẹnìkan bá a wọlé. Kí a sì dá owó jọ, kí ọmọ náà lè máa lọ sílé ìwé títí èsì yóò fi dé. Àdúrà wa yóò máa bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ wa náà bá wọn lọ.